Ẹ̀wù Òtútù Pupa Ruby

Ẹni tó gbé ẹ̀wù náà lọ kò gbé ohun tó wà nínú àpò rẹ̀. Hánkáṣíìfù funfun kan, kọ́kọ́rọ́ irin tó ti dípẹtà, àti ọ̀rá súwíìtì mẹ́ńtì tí wọ́n ti jẹ dé ìdajì, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ìrọ̀rí níbi tí wọ́n tò ó sí bí ẹni pàtẹ ọjà. Wọ́n tilẹ̀ ká hánkáṣíìfù náà dáadáa.

Hàwáù Látúndé kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti ṣe ọlọ́pàá ní Ìyágankú n'Íbàdàn títí irun orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, kó tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Dallas. Níbí, ìjọba Texas fún un láṣẹ láti máa ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ aládàáni, àmọ́ ìwọ̀nba ni ọ̀ràn gidi tó ń rí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń fi ṣọ́ ọkùnrin tó bá sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò pé ẹ̀yìn ń dun òun, tí yóò sì bá a níbi tó ti ń gbé fìríìjì gun àtẹ̀gùn. Nítorí náà, nígbà tí Miriam, ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan, pè é láàárọ̀ Sátidé yìí pé olè ti wọ ilé àwọn ní Mesquite, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ kí inú ọmọlúàbí dùn sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

"Olè wo ló ń tú àpò kó tó jí aṣọ?" ló bi ara rẹ̀.

Obìnrin tó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé ló ni ẹ̀wù náà. Bridget Adétáyọ̀ lorúkọ rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó jókòó gbọnrangandan bí ẹni tí kámẹ́rà ń wò. Bí èèyàn bá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní òun ò mọ̀ ọ́n, wọn á bi onítọ̀hún bóyá kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé ni. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń ṣe Ruby oníṣọ́ọ̀bù ẹja nínú Pettifer Row, eré àtìgbàdégbà tí wọ́n máa ń fi hàn nírọ̀lẹ́. Ruby fẹ́ ọkọ mẹ́rin: ó kọ mẹ́ta, ọ̀kan sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, wọ́n tún un kọ́, ó tún jóná. Ìgbà kan wà tí wọ́n tilẹ̀ pa Ruby, tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sunkún, àfi bó ṣe kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà nínú ọdún Kérésìmesì kejì tó ní òun kò kú. Ọkọ ń yí padà, ilé ń yí padà, ẹ̀wù òtútù pupa tí Ruby ń wọ̀ ni kò yí padà.

Ẹ̀wù yẹn ló sọnù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Bridget fẹ́ dá dúró lórí ìtàgé nínú ilé eré kan láàárín ìlú Dallas, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Kò sí ìjókòó kankan tó kù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi, mà," ni Hàwáù wí. "Ṣé ẹ̀wù mìíràn ò lè ṣe é?"

Bridget wò ó. Yorùbá rẹ̀ dùn ún gbọ́, Yorùbá Ìjẹ̀bú àtijọ́ tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, àmọ́ ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpótí.

"Ìyá mi ló rán an. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ẹ̀wù òtútù ló ti ń ṣiṣẹ́ ní London. Àgékù aṣọ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ló ń kó jọ, títí ó fi tó odidi ẹ̀wù kan. Lọ́jọ́ tí mo lọ dán ara mi wò fún Ruby, òjò ń rọ̀, mo bá wọ̀ ọ́ lọ. Olùdarí eré ní, 'Má bọ́ ọ o. Obìnrin tí mò ń wá nìyẹn.' Bí wọ́n bá ti ń fi eré náà hàn, ìyá mi á sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ́kípẹ́kí. Ẹ má rò pé èmi ló ń wò o. Ẹ̀wù rẹ̀ ló ń wò." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Ìyá mi ti kú. Bí mo bá dúró síwájú èèyàn láti sọ ìtàn ara mi, tí ìyá mi ò sí níbẹ̀, irọ́ ni mò ń pa. Mi ò ní jáde láìsí i."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Hàwáù lára. Ayọ̀ ọ̀ràn tuntun tó gbé wá látilé rọlẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ìpinnu sì rọ́pò rẹ̀.

"A máa rí i," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ sí ilé ìdáná ná."

Ilé ìdáná ni Hàwáù ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbà pé bí ilé bá ń purọ́, ilé ìdáná rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Miriam gbé tíì kalẹ̀ fún un. Apòògùn ni Miriam, èèyàn jẹ́jẹ́. Nígbà tó ń kàwé ní London, Ruby ló ń wò lálaalẹ́ láti fi pa ìnìkanwà rẹ́. Òun ló sì fọwọ́ sọ̀yà pé Bridget ò ní sun hòtẹ́ẹ̀lì nígbà tí òun bá wà láyé.

"Ta ló wà nílé láti àná?" ni Hàwáù béèrè.

"Èmi, Jessica ọmọ mi, Màmá mi, àti Àǹtí Bridget. Daddy Jessica wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Houston. Clement tó ń bá Àǹtí Bridget ṣètò eré wá jẹun níbí lánàá kó tó padà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ti tún wá láàárọ̀ yìí, òun ló wà ní parlour yẹn."

"Màmá dà?"

"Wọ́n ti bá bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ibùdó wọn ní Floyd ní kùtùkùtù, fún convention. Wọn kì í tan phone níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá gba break."

"Kò sí ẹlòmíràn?"

"Àbdùlláhì tó ń bá wa kó ẹrù lọ sílé wá láàárọ̀ yìí, ó gbé àgbá tí a dì. Garage ló dúró sí, Ìyá Ọlọ́pàá. Kò wọ inú ilé rárá, èmi ni mo dúró tì í." Miriam rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ̀rù Jessica ló ń bà mí."

Jessica wọlé bí ẹni gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ yunifásítì ni, Dallas ni wọ́n bí i sí. Ó kúnlẹ̀ kí Hàwáù, kíkúnlẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tí orúnkún kì í fojú kan ilẹ̀.

"Fi àwòrán yẹn hàn wọ́n," ni ìyá rẹ̀ wí.

Jessica na fóònù rẹ̀ síwájú. Òun náà nìyẹn nínú ẹ̀wù òtútù pupa, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó ṣu ẹnu bí ẹyẹ. Àná ló gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, àwọn èèyàn sì ti ń yìn ín láti ìgbà náà.

"Auntie, I put it back. I swear."

"Má búra, ọmọ mi. Kí ló wà nínú àpò ẹ̀wù náà nígbà tí o wọ̀ ọ́?"

Ojú ti Jessica. "A key. And some candy. I ate one. Just one!"

"O wá yọ èyí tó kù sílẹ̀?"

"No! Why would I?"

Hàwáù dìde, ó ní kó mú òun lọ sí yàrá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Aṣọ wà lórí àga, aṣọ wà lórí ilẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo sì so kọ́ ara iná tábìlì. Hàwáù bú sẹ́rìn-ín.

"Miriam, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó gbé ẹ̀wù náà ká hánkáṣíìfù kó tó lọ. Ọmọ yín yìí ò ká nǹkan kan láyé rẹ̀ rí. Jessica, ìdọ̀tí yàrá rẹ ló gbà ọ́ lónìí, àmọ́ má jẹ́ kó di àṣà."

Clement ni wọ́n wá kàn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Manchester ni, ọkùnrin tó máa ń múra dáadáa. Inú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́ ló jókòó sí, ló wá ń làágùn. Bí Hàwáù ti ń bá a sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń lọ síta láti ojú fèrèsé, síbi tí ọkọ̀ tó yá lò wà.

"Ọ̀gbẹ́ni Clement, ìgbà wo lẹ rí ẹ̀wù náà kẹ́yìn?"

"Àná. Ó wà lára ìkọ́ ní yàrá Àǹtí Bridget."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní London, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Clement yíjú kúrò lójú fèrèsé. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi yẹn. Kí ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín tí ẹ ń wò bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká lọ wo nǹkan kan náà."

Oòrùn oṣù Ògọ́sì ti mú bí iná lórí kọnkéré. Miriam, Jessica àti Bridget tẹ̀ lé wọn jáde. Clement tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ṣí. Báàgì ńlá kan ló wà níbẹ̀. Hàwáù fa síìpù rẹ̀, pupa sì yọ.

"Jésù!" ni Miriam ké.

Hàwáù fa ẹ̀wù òtútù pupa náà jáde, ó sì nà án sókè. Ó gùn dé orúnkún, bọ́tìnnì rẹ̀ dúdú. Clement bo ojú. Jessica ń sọ "Oh my God" lábẹ́lẹ̀. Hàwáù fúnra rẹ̀ ti ń rò ó pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, àmọ́ Bridget sún mọ́ wọn, ó fi ìka tọ etí ọrùn ẹ̀wù náà yípo, ó sì mi orí.

"Èmi kọ́ ni mo ni í. Ìyá mi kì í fi ẹ̀rọ rán etí ọrùn. Ọwọ́ ló fi ń rán an, nítorí ó ní ọrùn èèyàn ń gbọ́ ìyàtọ̀."

"Mo ní kí wọ́n rán an ni," ni Clement wí, bí ẹni fẹ́ sunkún. "Àǹtí Bridget, inú ẹ̀wù yẹn ti jẹrà. Ẹ̀rù ń bà mí pé á ya mọ́ yín lára lórí ìtàgé. Mo ní bó bá ya, kí ìkejì rẹ̀ wà nílẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín."

Bridget fi ìbínú wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀ títí ó fi dé ẹnu.

"Clement, wọ́n ti pa mí lórí tẹlifíṣọ̀n, mi ò kú. Ṣé ẹ̀wù tó ya ló máa wá pa mí?"

Clement bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ayédèrú náà wọ̀ wò. Bridget gbà, ó wọ̀ ọ́ lójú oòrùn, ó na ọrùn, ó sì la ẹnu láti sọ̀rọ̀ bí Ruby. Kò sí ohun tó jáde. Ó tún gbìyànjú, ohùn obìnrin àgbàlagbà kan tí ó ti rẹ̀ ló jáde.

"Ẹ ò rí i?" ló wí jẹ́jẹ́. "Ruby ò wọlé."

Ẹ̀rín parẹ́ lẹ́nu gbogbo wọn. Miriam dì í mú lápá, wọ́n sì padà sínú ilé.

Hàwáù gba yàrá kékeré tí wọ́n ti ń fọ aṣọ kọjá láti lọ fọ ọwọ́. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró. Lórí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, tówẹ́ẹ̀lì tuntun wà létòlétò, bébà ilé ìtajà ṣì wà lára wọn. Wọ́n ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí ohun tí ẹrù wúwo jókòó lé. Ó gbé ọ̀kan sí imú, òórùn káńfọ̀ sì gbà á nímú.

"Miriam! Ta ló ra tówẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí?"

Miriam sáré wọlé. "Èmi ni. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ni, ó ti wà nínú..." Ó wo tówẹ́ẹ̀lì, ó wo Hàwáù. "Àǹtí mi, ọwọ́ mi ni mo fi kó wọn sínú àgbá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Àwọn ni mo kó sókè pátápátá, mo sì dè é pa."

"Àgbá náà kún?"

"Ó kún dẹ́nu. Mo jókòó lé ìdérí kó tó dé."

"Ó dára. Àgbá tó kún dẹ́nu, bí nǹkan bá jáde nínú rẹ̀, kí ló fà á?"

"Ẹnì kan fẹ́ kó nǹkan mìíràn sí i," ni Jessica wí lẹ́nu ọ̀nà, ní Yorùbá. Ìyá rẹ̀ yíjú wò ó bí ẹni tí odi bá sọ̀rọ̀.

Hàwáù pàtẹ́wọ́. "Ọmọ dáadáa! Nǹkan tó tóbi tó òkìtì tówẹ́ẹ̀lì yìí. Ta ló nílò ẹ̀wù òtútù ní Dallas nínú oṣù Ògọ́sì? Kò sí. Kí lèèyàn máa ń ṣe sí aṣọ tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé? Á tú àpò rẹ̀ wò, kí ohun olóhun má baà bá a lọ. Á fi káńfọ̀ sí i. Irú èèyàn wo ló ń ká hánkáṣíìfù kó tó kúrò nínú yàrá?"

"Màmá mi!" Miriam gbá orí mú. "Yéè! Màmá mi ti fi ẹ̀wù Ruby ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó!"

"Wọ́n rí i pé ó ti gbó," ni Hàwáù wí, ó ń gbádùn ara rẹ̀ báyìí. "Wọ́n ní ẹ ò lè máa lo irú àkísà yìí nílùú òyìnbó. Wọ́n ro ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé yín n'Ígbó, wọ́n ro ọyẹ́. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí, àánú ló pọ̀ jù. Ẹ pe Àbdùlláhì."

Miriam pè é, kò gbé e. Ó pe Màmá, fóònù ti kú. Ó tún pe Àbdùlláhì.

"Òní ni kọ̀ǹténà ń lọ sí Houston," ló wí. "Láti ibẹ̀ ló ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi."

Hàwáù ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n gba títì márosẹ̀ 635 lọ sí Farmers Branch, Hàwáù ló ń wakọ̀, Bridget wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Miriam àti Clement sì wà lẹ́yìn. Jessica dúró sílé láti máa pe Àbdùlláhì. Wọ́n ń ṣe títì lọ́wọ́, ọkọ̀ sì ń rìn bí ìgbín. Miriam ń gbàdúrà sókè. Clement ń wo aago, ó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé aago á gbọ́ ìpè rẹ̀.

"Ruby ti lé ọkọ̀ ojú omi rí," ni Bridget wí lójijì. "Ọkọ rẹ̀ kejì ló wà nínú ọkọ̀. Mo sáré ní èbúté nínú òjò, mò ń ké. Olùdarí ní kò tíì dára. Mo tún sáré. Ó ní ẹja ló bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí n tún un ṣe. Ìgbà tó fi gbà, mi ò lè mí mọ́. Ẹ tún wá wò ó, ọkọ̀ náà ò tilẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì. Igi ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ọkùnrin méjì ló ń fi okùn fà á."

"Ṣé Ruby bá ọkọ rẹ̀?" ni Hàwáù béèrè. Ó ti gbàgbé títì.

"Kò bá a o. Ó jókòó lórí àpótí ẹja, ó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n sunkún ni, ẹ̀rín ló yọ. Olùdarí fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti fẹ́ràn Ruby gan-an."

Ọ̀nà là níwájú, Hàwáù sì tẹ gáàsì.

Ilé ìkẹ́rùsí Àbdùlláhì wà láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó jọ ara wọn lẹ́bàá títì 35E. Ẹnu kọ̀ǹténà ṣì ṣí. Àbdùlláhì dúró síbẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tó so tówẹ́ẹ̀lì mọ́ ọrùn, fóònù rẹ̀ sì ń dún lórí tábìlì níbi tí kò ti lè gbọ́ ọ.

"Salaamu alaekum, Ìyá Ọlọ́pàá! Ta ni mo ṣẹ̀ o?"

"Wa alaekum salaam. O ò ṣẹ ẹnì kankan. Àgbá Miriam ni mo fẹ́."

"Ó ti wọlé!" Ó nawọ́ sínú kọ̀ǹténà, níbi tí àgbá búlúù wà lórí àgbá búlúù. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí mi, ẹ má bá mi da ẹrù rú. Mo fi gbogbo àárọ̀ tò ó."

Hàwáù fa Bridget síwájú. "Wo màmá yìí. Ẹ̀wù tí ìyá wọn rán ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè rán òmíràn."

Àbdùlláhì wo ojú Bridget. Ó tú tówẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀, ó nu ojú, ó sì pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí àgbá kan jáde, wọ́n yí òmíràn, títí wọ́n fi dé èyí tí wọ́n kọ orúkọ Miriam sí lára. Àbdùlláhì tú irin ìdè rẹ̀, ó sì ṣí ìdérí.

Hàwáù wo inú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Aṣọ funfun tuntun ló wà lókè pátápátá, wọ́n sì fi dì nǹkan. Ó gbé e jáde, ó tú u. Ẹ̀wù òtútù pupa ni lóòótọ́. Àmọ́ wọ́n ti gbọn eruku rẹ̀, wọ́n ti di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n sì gbé apá rẹ̀ méjèèjì lé àyà bí apá èèyàn.

"Mo ti ṣì í," ni Hàwáù wí lábẹ́lẹ̀. "Ta ló ń fi àlà tuntun wé ẹ̀wù ọlọ́dẹ?"

Fóònù Miriam dún. Màmá ni. Wọ́n ti gba ìsinmi ní Floyd, ó sì ti rí i pé wọ́n ti ń pe òun. Miriam ṣí i síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ gbé ẹ̀wù Àǹtí Bridget sínú àgbá?"

"Èmi ni. Ta ní kí ẹ ṣí i?" Ohùn Màmá le koko, ariwo èrò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ dì í padà kíá, iṣẹ́ tí mo rán ni."

"Mọ́mì, ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ ṣeré!"

"Hẹ̀ẹ́? Kì í ṣe aṣọ dídán tó wà nínú àpótí wọn ni ti eré?" Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ fún mi ní Bridget."

Bridget sún mọ́ fóònù. "Mà."

"Bridget, ọmọ mi, ṣé o rántí ohun tí o sọ fún mi lẹ́yìnkùlé lánàá? O ní lọ́dọọdún ni ìyá rẹ ń sọ pé òun ń lọ sílé lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀, títí wọ́n fi sin ín sínú òtútù London. O gbé ẹ̀wù yẹn lé mi lẹ́sẹ̀, o sì sunkún. O ní ì bá mà wù ọ́ kí ó délé. Ṣé o fẹ́ kí n máa wò ọ́ ni? Ọmọ kì í sunkún sí àgbà lọ́rùn kí àgbà máa dúró de àṣẹ. Bí èèyàn bá kú sókè òkun tí a ò rí i gbé wálé, irun àti èékánná rẹ̀ la máa ń gbé wálé, kó lè bá àwọn ará rẹ̀ sùn. Èwo ni irun tó kù fún ìyá rẹ? Ẹ̀wù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán yẹn ni. Mo bá ra aṣọ funfun tì í."

Àbdùlláhì ti yọ fìlà.

"Mo fẹ́ kó délé kí n tó sọ fún ọ, kí inú rẹ lè dùn," ni Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Igbó ni o ní ìyá rẹ ti wá, mo sì ti pe àbúrò mi níbẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ tí o dá fún mi, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti rí agbo ilé ìyá rẹ. Bridget, àbúrò ìyá rẹ kan ṣì wà láyé. Ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ etí gbọ́, ẹnu sì mú ṣáṣá. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un, ẹnu ọ̀nà ló gbé àga sí."

Bridget fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sunkún fún kámẹ́rà, ó mọ bí wọ́n ti ń jẹ́ kí omi ojú bọ́ díẹ̀díẹ̀ kó má ba ojú jẹ́. Kò rántí ìkankan nínú ẹ̀kọ́ náà. Ó kàn sunkún bí ọmọdé, ó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn, Miriam sì dì mọ́ ọn, òun náà ń sunkún. Inú Hàwáù dùn débi pé ó lu àgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbàgà, ọwọ́ sì dùn ún.

Àbdùlláhì wúkọ́. "Màmá, ẹ dákun, awakọ̀ ń dúró. Ṣé kí n dì í padà ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bridget. Ó nu ojú rẹ̀. Ó gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ Hàwáù, ó tú bọ́tìnnì rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ nínú ooru ilé ìkẹ́rùsí náà tí irin ń gbóná bí ààrò. Ó gbé ọrùn rẹ̀ sókè. Hàwáù rí i lójú ara rẹ̀ bí obìnrin mìíràn ti wọlé, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tó sì gbé àgbọ̀n sókè.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn n'Ígbó, mà," ló wí sínú fóònù, ohùn náà sì kún gbogbo ilé. "Kí wọ́n má retí ẹ̀wù. Ẹ̀wù ò ní dá wá. Èmi tí mo wọ̀ ọ́ ni wọ́n máa rí."

"Ìgbà wo?" ni Màmá béèrè.

"Ọdún tó ń..." Bridget gé ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó yíjú sí Clement. "Pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì mi. Mọ́ńdè ni mò ń lọ, láti ibí."

"Àmọ́ London ń retí wa lọ́jọ́ Túsìdeè," ni Clement wí. "Físà ńkọ́?"

"Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi wà nínú báàgì. Bó bá ti kú ni mo máa ń gba tuntun. Mi ò tíì lò ó rí."

Clement fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ẹ̀wù náà, ó sì fa fóònù rẹ̀ yọ láìjanpata. Lẹ́nu fóònù ti Miriam, Màmá ti pariwo ayọ̀ kan tó ta gbogbo wọn jí. Lórí ìlà oúnjẹ ló wà ní Floyd, ọgọ́rọ̀ èèyàn tó wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ sì dáhùn "Halelúyà!" láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àbdùlláhì ti ìdérí àgbá náà padà, ó ń kùn pé àyè ṣófo nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n jáde sínú oòrùn. Òógùn ń ṣàn lójú Bridget, síbẹ̀ ó kọ̀ jálẹ̀, kò bọ́ ẹ̀wù náà. Hàwáù yí ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ rẹ̀ síbi tó tutù jù lọ, ó ní kí Miriam àti Clement fara dà á, ó sì dorí ọkọ̀ kọ ilé eré.